Ojú Òjò àti Òṣùwọ̀n Òjò: Ìtàn Wíwo Ojú Ọjọ́ ní Ìjẹ̀bú, Pẹ̀lú Àkíyèsí Pàtàkì sí Odògbólú

1. Ìfáárà

Àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti kọ ohun púpọ̀ nípa ọba, ogun, òwò àti ẹ̀sìn. Ohun tí wọ́n kọ nípa òjò kò tó nǹkan. Nígbà tí òjò bá tilẹ̀ wọ inú ìtàn, ó máa ń wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó dá ọmọ ogun dúró tàbí ohun tí àìrọ̀ rẹ̀ mú ìyàn wọ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pé àwọn tí ìtàn náà dá lé lórí, àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, kò sì sí ọjọ́ kan nínú àsìkò iṣẹ́ wọn tí wọn kì í gbójú sókè kí wọ́n tó gbé ọkọ́. Ohun tí wọ́n rí lókè, àti ohun tí wọ́n pinnu láti ṣe nítorí rẹ̀, jẹ́ apá kan ìtàn ìmọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú bébà yìí ni láti tọpa ìmọ̀ náà ní Ìjẹ̀bú, pàápàá jù lọ ní Odògbólú àti àyíká rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni àlàyé wa pín sí. Èkíní, a ó fi hàn pé orúkọ tí àwọn ènìyàn wa ń pe òjò ní ọgbọ́n ìpínsísọ̀rí nínú, tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Òyìnbó. Èkejì, a ó wo bí òṣùwọ̀n òjò ṣe wọlé, àti irú ènìyàn tí a gbé e wọlé fún. Ẹ̀kẹta, a ó jiyàn pé nígbà tí ìmọ̀ méjèèjì pàdé lórí rédíò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi túmọ̀ iṣẹ́ náà, èyíinì ni àsọtẹ́lẹ̀, dá èdè-àìyedè sílẹ̀ tí ó ń ṣe wá ní ibi títí di òní.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo sí òjò tí kò ní èkejì ti pàdánù irúgbìn, ó sì ti pàdánù ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tí owó kò lè rà padà. Ẹni tí ó kọ́lé sí etídò nítorí pé odò náà kì í kún ní oṣù kan lè pàdánù ju irúgbìn lọ.

2. Ilẹ̀ Odògbólú àti bí òjò ṣe ń dé ibẹ̀

Odògbólú kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Inú ìgbẹ́ ẹgàn ni ilẹ̀ rẹ̀ wà látijọ́, òun sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ìpínlẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976. Ọ̀sà àti òkun wà ní gúúsù rẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún, bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, a máa tó mìlímítà 1,500 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ ń béèrè. Ohun tí ó ń béèrè ni ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí yóò dá, àti bóyá èyí tí ó ṣú yìí yóò rọ̀.

Atẹ́gùn méjì ni ó ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, ó ní eruku nínú. Òun ni ó ń gbé ọyẹ́ wá. Èkejì ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ó sì kún fún omi. Ààlà tí ó wà láàrin wọn kì í dúró sí ojú kan. Ní oṣù kìíní ọdún ó máa ń sún mọ́ etíkun. Ní oṣù kẹjọ ó ti kọjá ilẹ̀ Hausa lọ sí ìhà àríwá pátápátá. Àpilẹ̀kọ tí R. A. Hamilton àti J. W. Archbold tẹ̀ jáde ní 1945 lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé yékéyéké pé ojú ọjọ́ tí ìlú kan ní sinmi lórí bí ó ti jìnnà sí ààlà yìí tó. Kì í ṣe orí ààlà gan-an ni òjò ti ń rọ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ kò nípọn. Ìgbà tí ààlà náà bá ti sún jìnnà sí àríwá, tí afẹ́fẹ́ olómi sì ti ga lókè orí wa, ni òjò tó ráyè rọ̀ dáadáa.

Láti inú èyí ni a ti lè rí ètò ọdún ní Odògbólú. Òjò ìbẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta sí ìkẹrin, a máa bá ìjì àti ààrá wá. Atẹ́gùn ilẹ̀ ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n ìjì òjò funra rẹ̀ ń ti ìlà oòrùn bọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yóò kẹ́yìn sí òjò tí ń bọ̀ wá bá a. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, òjò a máa pọ̀, a sì máa pẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ìdásẹ̀ kúkúrú ti oṣù kẹjọ dé. Òjò tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Ìdásẹ̀ oṣù kẹjọ yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ní àkókò náà omi òkun tí ó wà ní gúúsù wa a máa tutù ju ti ìgbà yòókù lọ, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ a sì wúwo débi pé kò lè gòkè. Ojú ọ̀run a ṣú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, oòrùn kò ní yọ, ara yóò máa tu ènìyàn, ṣùgbọ́n bí òjò bá tilẹ̀ wá, wínníwínní ni. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀kán omi tí ó wà nínú ìkùukùu kéré jọjọ: ó tó mílíọ̀nù kan irú wọn tí yóò para pọ̀ kí ẹ̀kán òjò kan ṣoṣo tó lè jábọ́. Kí wọ́n tó lè para pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìkùukùu náà gbọ́dọ̀ ga, kí ẹ̀kán ńlá lè máa kọ lu kékeré kí ó sì máa gbé e mì bí ó ti ń lọ sókè sódò. Ìkùukùu oṣù kẹrin a máa ga kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ti oṣù kẹjọ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn méjèèjì dúdú lójú ẹni tí ó wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò jọra.

3. Ẹ̀rí láti inú èdè

Ní oṣù kejìlá 1802 ni Luke Howard, apoògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ka bébà kan níwájú ẹgbẹ́ kékeré kan, níbi tí ó ti fún àwọn ìkùukùu ní orúkọ Látìn: cirrus fún èyí tí ó rí bí irun, cumulus fún èyí tí ó gbá jọ bí òkìtì, stratus fún èyí tí ó tẹ́ bí ẹní, àti nimbus fún èyí tí òjò ń ti inú rẹ̀ rọ̀. Lórí ìpínsísọ̀rí yìí ni ìwé àwòrán ìkùukùu tí gbogbo ayé ń lò dúró, láti àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ ní 1896 títí di àtẹ̀jáde tuntun ti 2017. Bí ìkùukùu ṣe rí ni Howard fi bẹ̀rẹ̀, àyàfi nimbus nìkan.

Bí a bá wo èdè tiwa, a ó rí i pé ibòmíràn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà àwọ̀sánmà ṣeé tú sí àwọ̀ àti sánmà. Àwọn onímọ̀ èdè sì ka sánmà mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Lárúbáwá wọlé. Bí a bá gba ìtúpalẹ̀ yìí, àwọ̀ ni orúkọ náà pe àkíyèsí wa sí, kì í ṣe ìrísí. Lọ́nà kejì, nígbà tí ojú ọ̀run bá dúdú, a kì í sábà sọ pé ìkùukùu ṣú. Ohun tí a ń sọ ni pé òjò ṣú. Kò ì rọ̀, síbẹ̀ a ti ń pè é ní òjò. Òjò ṣú, òjò rọ̀, òjò dá: olùwà kan náà ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó wà lókè kì í ṣe ohun kan lọ́tọ̀ tí òjò ń ti ara rẹ̀ jáde. Òjò tí ó ń bọ̀ lọ́nà ni.

Lọ́nà kẹta, àwọn orúkọ tí a ń pe òjò fúnra rẹ̀ kò sọ nípa ìrísí, ìgbà àti ìwà ni wọ́n ń sọ. Àkọ́rọ̀ ni òjò tí ó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn. Àrọ̀kúrò ni èyí tí ó rọ̀ tí ó sì lọ. Àrọ̀ọ̀dá ni èyí tí kò dáwọ́ dúró. Ọ̀wààrà ni èyí tí ó ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wínníwínní kò ju ohun tí ń fi omi tọ́ ènìyàn lára lọ. Bí a bá to àwọn orúkọ wọ̀nyí jọ, ohun tí a ní ni àtẹ ìpinnu: èyí tí ó yẹ kí a gbin nǹkan sí, èyí tí ó yẹ kí a sá fún, èyí tí a lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àti èyí tí ó ń sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a má ṣe fi ìfẹ́ ilé bo ìṣòro tí ó wà níbẹ̀. Ta ni ó lè mọ̀ ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ pé àrọ̀kúrò ni? Ìgbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti kọjá láìsí òmíràn ni orúkọ náà tó lè jẹ́ òtítọ́. Àkọ́rọ̀ pàápàá ní ewu tirẹ̀. Pé òjò kan ni ó kọ́kọ́ rọ̀ kò sọ fún wa pé òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kíá. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìjì kan yóò rọ òjò ńlá sílẹ̀ ní oṣù kẹta, ilẹ̀ yóò rọ̀, ènìyàn yóò gbin àgbàdo, àgbàdo yóò hù, oòrùn yóò sì pa á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń fi ẹ̀rí mìíràn kún ti ojú ọ̀run: ewé tuntun lórí igi, igbe ọ̀pọ̀lọ́, àti èsúnsún tí ń fò jáde lẹ́yìn òjò. Ìdí náà nìyí tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe wo ojú òjò da omi inú agbè nù. Ẹni tí ó dá òwe yìí sílẹ̀ mọ̀ dájú pé ṣíṣú yàtọ̀ sí rírọ̀. Ẹni tí ó ti gbé oṣù kẹjọ kan rí ní Odògbólú kò nílò olùkọ́ lórí èyí.

4. Ẹ̀rí láti inú ọdún Agẹmọ

Ẹ̀rí kejì tí ó wà nítòsí wa ni ọdún Agẹmọ. Iṣẹ́ Oyin Ogunba, tí ó tẹ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ jáde nínú Nigeria Magazine ní 1965 tí ó sì parí ìwé àṣekágbá oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú ní 1967, àti ìwé tí Margaret Thompson Drewal tẹ̀ jáde ní 1992, ti jẹ́ kí ètò ọdún náà di mímọ̀ fún àwọn onímọ̀. Àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún a máa ti ìlú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rìn wá pàdé, Tami ti Odògbólú sì ni aṣáájú wọn. Àárín ọdún, nínú àsìkò òjò, ni wọ́n ń ṣe é. Nínú kàlẹ́ńdà tí a ń tẹ̀ ní èdè Yorùbá, Agẹmọ ni orúkọ oṣù keje, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe oṣù kẹwàá ní Ọ̀wàrà.

A mọ̀ pé sísọ orúkọ oṣù wa pọ̀ mọ́ ti Òyìnbó lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ìgbà ìwé títẹ̀ ni, a kò sì fẹ́ kọ́ ilé lé e lórí. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ilé lé ni ìṣirò kan tí kò ṣòro. Oṣù tí ó wà lójú ọ̀run, láti ìyọsókè kan dé èkejì, jẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀. Bí a bá ka méjìlá irú rẹ̀, ọjọ́ 354 ni a ó ní. Ó fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Láàrin ọdún mẹ́ta, àìtó náà ti ju oṣù kan lọ. Ọdún Iléyá fi èyí hàn wá kedere: bí ó ti ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn ní ìgbà kan ni ó ń bọ́ sí àárín òjò ní ìgbà mìíràn, Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde sì ń bá a kiri nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é.

Agẹmọ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín òjò ni ó ń dúró sí. Bí àwọn tí ó ni ọdún náà bá ń ka oṣù lójú ọ̀run, tí wọn kò sì jẹ́ kí ọdún náà ṣí kúrò nínú àsìkò rẹ̀, a jẹ́ pé òṣùwọ̀n kan wà lọ́wọ́ wọn tí ó ń tún ìkà oṣù ṣe. Lójú tiwa, òṣùwọ̀n náà kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju àsìkò fúnra rẹ̀ lọ: ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ipò tí ohun ọ̀gbìn wà, bí òjò ti wúwo tó. Èyí kò sọ wọ́n di awòràwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé gbogbo àwọn tí wọ́n ní agbára lórí òjò ní agbára náà. Ohun tí ó sọ ni pé ní Odògbólú àti ní àwọn ìlú Alágẹmọ yòókù, wíwo àsìkò jẹ́ iṣẹ́ tí a fi lé àwọn ènìyàn kan lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń jíhìn fún ìlú lórí rẹ̀, kí òṣùwọ̀n òjò kankan tó dé.

5. Bí òṣùwọ̀n ṣe dé, àti ẹni tí a gbé e dé fún

Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892 ni Ìjẹ̀bú bọ́ sábẹ́ agbára àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Pẹ̀lú ìjọba tuntun ni ìbéèrè tuntun dé, èyíinì ni: òjò náà pọ̀ tó èló? Agolo tí a gbé kalẹ̀ sí gbangba láti gba òjò, tí a sì ń wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kò bìkítà bóyá àkọ́rọ̀ ni tàbí àrọ̀kúrò. Iye ni ó ń kọ sílẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí, nítorí pé iye ṣeé fi wé iye: a lè fi ọdún kan wé òmíràn, kí a sì fi ìlú kan wé èkejì. Ìrántí àgbà, bí ó ti wù kí ó jinlẹ̀ tó, kò lè ṣe irú èyí fún ogójì ọdún láìṣì í kà.

Ní 1937 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ kan sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sì sọ iṣẹ́ náà di kánjúkánjú. Láti 1940 ni àwọn ọkọ̀ òfurufú tí a tò pọ̀ ní Takoradi ti ń gba Èkó, Kano àti Maiduguri kọjá lọ sí Khartoum àti Cairo. Awakọ̀ òfurufú ní láti mọ̀ bóyá ìjì wà lójú ọ̀nà. Láti inú irú àkókò yìí ni àpilẹ̀kọ Hamilton àti Archbold tí a mẹ́nu bà lókè ti jáde. Ìmọ̀ gidi ni, ọpẹ́ sì yẹ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó béèrè ìbéèrè ni ìdáhùn ń tọ̀ lọ. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ òfurufú ni ó béèrè, kì í ṣe ẹni tí ó wà nínú oko.

Lẹ́yìn òmìnira, ní 1960, Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Godwin Olu Patrick Obasi, ọmọ Ogori, ni ó di akọ̀wé àgbà àjọ náà láti 1984 títí di 2003. Òfin tí ó dá àjọ NiMet sílẹ̀ jáde ní 2003, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọkọ̀ òfurufú ni àjọ náà sì wà. Ibùdó rẹ̀ kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdọọdún ni àjọ náà ń sọ ìgbà tí ó rò pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, kí àgbẹ̀ lè fi ṣètò. Nípa báyìí ìbéèrè àgbẹ̀ ti wọ inú iṣẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ pẹ́ kí ó tó wọ̀ ọ́.

Síbẹ̀, ohun kan kù. Òjò ìjì kì í rọ̀ kárí. Ó lè ya lulẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ilẹ̀ Odògbólú gbẹ táútáú, kí Ayépé sì rí díẹ̀. Ibùdó kan ṣoṣo kò lè rí gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ fún odidi ẹkùn kò lè bá oko kọ̀ọ̀kan mu. Níhìn-ín ni ẹni tí ó mọ ojú òjò lórí oko tirẹ̀ ti ní ohun kan tí òṣùwọ̀n kò ní.

6. Oṣù kẹjọ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò

Ó yẹ kí a dán àwọn ìmọ̀ méjèèjì wò lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa sì kún kọjá ààlà. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ẹ̀mí tí ó bá a lọ sì ju 100 lọ. Àwọn ará ìlú pè é ní Omíyalé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò mìíràn tí ó ju mìlímítà 180 lọ rọ̀ ní Ìbàdàn kan náà láàrin wákàtí díẹ̀, ó gbé afárá, ó sì tún pa ohun tí ó ju 100 ènìyàn lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ọjọ́ méjèèjì. Ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n bọ́ sí, nínú àkókò tí àgbà àti ìwé jọ ń pè ní ìdásẹ̀ òjò. Bí a bá ní kí a dá ẹ̀bi, a ó rí i pé ìdọ̀tí tí ó dí ojú odò àti ilé tí a kọ́ sí etí rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ìparun náà. Ìyẹn ti di àwíìgbọ́. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí níhìn-ín yàtọ̀. Ìmọ̀ àwọn àgbà pé òjò ń sinmi ní oṣù kẹjọ kì í ṣe irọ́. Àkọsílẹ̀ òṣùwọ̀n tí ó fi hàn pé òjò oṣù kẹjọ kéré ju ti ìkeje àti ti ìkẹsàn-án kì í ṣe irọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ìlérí. Nígbà tí ìdásẹ̀ bá ń parí, tí ààlà atẹ́gùn méjì nì sì ń padà bọ̀ sí gúúsù, ìjì ńlá lè ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá ti sọ ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ di ohun tí kò lè ṣaláì ṣẹlẹ̀ ti tú ara rẹ̀ sílẹ̀ láìní ààbò, yálà ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ tàbí inú ìwé.

7. Àsọtẹ́lẹ̀ tàbí ìwòye?

Èyí mú wa dé orí ọ̀rọ̀ tí a ní èdè-àìyedè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìròyìn ojú ọjọ́ sáfẹ́fẹ́ ní èdè Yorùbá, àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni orúkọ tí ó mọ́ wa lẹ́nu. Gírámà rẹ̀ dára: ohun tí a sọ tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé lọ́wọ́ òfo. Bíbélì Yorùbá ti lò ó fún ọ̀rọ̀ àwọn wòlíì, àwọn ìjọ aládùúrà sì ti mú un wọ inú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Àsọtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ. Bí kò bá ṣẹ, irọ́ ni, ẹni tí ó sọ ọ́ sì di òpùrọ́. Nítorí náà nígbà tí rédíò bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, tí kò sì rọ̀, àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í fetí sí i mọ́ ní ọjọ́ tí ewu gidi bá ń bọ̀.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá la ìṣòro yìí kọjá. Robert FitzRoy, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ Beagle tí ó gbé Charles Darwin yí ayé ká, ni a fi ṣe olórí ẹ̀ka ojú ọjọ́ wọn ní 1854. Ní oṣù kẹjọ 1861 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìròyìn ọjọ́ tí ń bọ̀ sínú ìwé ìròyìn The Times. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1863, ó ṣe àlàyé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ tí òun fi pe iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí ọ̀rọ̀ wòlíì. Èrò tí ó ti inú ìmọ̀ àti ìṣirò jáde ni. Àlàyé náà kò gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́yà. Ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1865. Wọ́n dá ìròyìn náà dúró ní 1866, ó sì di 1879 kí wọ́n tó tún máa gbé e jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn fún wa, nítorí pé àṣà wa fúnra rẹ̀ mú wa gbà pé ohun tí a bá sọ nípa ọ̀la gbọ́dọ̀ ṣẹ. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí babaláwo ṣe ń ṣe. Kì í sọ fún aláwo pé báyìí ni yóò rí kí ó sì dákẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé báyìí ni ọ̀nà náà ṣe là sílẹ̀; bí ó bá rúbọ, yóò rí báyìí, bí ó bá kọtí ikún, yóò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ní bí nínú ni, ó sì ní ohun tí ènìyàn yóò ṣe. Àgbẹ̀ tí ó ń wo ojú òjò pẹ̀lú kì í búra. Ó ń wò ó, ó ń rò ó, ó sì ń fi omi sílẹ̀ nínú agbè bí ó bá lọ ṣèèṣì máà rọ̀. Àṣà kíka ọ̀la sí ohun tí ó lè yí padà kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ọ̀rọ̀ tí a yàn ni ó gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí ó fi í sọ́dọ̀ wòlíì.

Lójú tiwa, ìwòye ojú ọjọ́ ni ìbá sàn. Wíwò wà nínú rẹ̀, òye wà nínú rẹ̀, kò sì ṣe ìlérí kankan. Bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá sọ pé bí a bá rí irú ọjọ́ yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kò sí ẹni tí ó ti ta ayò rí tí kò ní lóye rẹ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìmọ̀ ojú ọjọ́ ní Ìjẹ̀bú ní ìtàn, àti pé ìtàn náà ṣeé wádìí láti inú èdè, láti inú ètò ọdún ìbílẹ̀, láti inú àkọsílẹ̀ ìjọba, àti láti inú àjálù. A kò sọ pé ti àwọn àgbà dára ju ti òṣùwọ̀n lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ òdìkejì rẹ̀. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Èkíní ń béèrè ohun tí òjò yìí yóò ṣe fún oko yìí. Èkejì ń béèrè iye tí ó rọ̀, àti bí ó ti fara wé ti ọdún mìíràn. Ẹni tí ó bá ní ìdáhùn sí ìkan ṣoṣo kò ì ní gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò gbọdọ̀ pẹ́. A kò ì ní àkójọ orúkọ òjò, orúkọ ìkùukùu àti àmì àsìkò ní ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú, ìlú kan sí èkejì, láti Odògbólú dé Ayépé, Ìdọ̀wá àti Òṣóṣà, pẹ̀lú ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe nígbà tí ó bá rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣe àkójọ náà, tí a sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ti ibùdó Ìjẹ̀bú-Òde, a ó lè mọ èyí tí ó ń ṣẹ nínú àwọn àmì náà àti iye ìgbà tí ó ń ṣẹ, yálà ojú ọjọ́ ti yí padà kúrò lábẹ́ wọn tàbí kò tíì yí padà. Àkọsílẹ̀ ibùdó wà nínú ìwé, yóò dúró dè wá. Àwọn tí ó mọ ojú òjò ń dàgbà, wọn kò lè dúró.